Epo Igi Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbìn

 

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí epo jíjẹ tó wà nínú kóró èso igbó. Ẹni tó bá ń retí kí n to orúkọ ogójì igi kalẹ̀, kó forí jì mí. Igi kan ni mo fẹ́ dúró tì, ìyẹn igi ẹmí tí òrí ń ti inú kóró rẹ̀ wá. Àwọn tó kù, bí a bá pàdé wọn lọ́nà, a ó kí wọn, a ó sì kọjá. Epo kò wọ́n nínú igbó àti ọ̀dàn wa. Ibi méjì la ti ń sọ ọ́ nù: láàárín ìgbà tí èso bá já sílẹ̀ sí ìgbà tí kóró rẹ̀ bá gbẹ, àti lẹ́nu àáké. Ibi méjèèjì yìí ni mo fẹ́ ká tọpa dé.

Ní ọdún 1352, Ibn Battuta, arìnrìn-àjò ará Mòrókò, la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá dé ilẹ̀ Màlì. Nínú ìwé ìrìn-àjò rẹ̀, ó ròyìn èso igi kan tó dùn, tí àwọn ará ibẹ̀ ń fọ́ kóró rẹ̀ láti mú epo jáde. Ó ní wọ́n ń fi epo yìí se oúnjẹ, wọ́n ń fi din àkàrà, wọ́n ń fi tan fìtílà, wọ́n ń fi para, wọ́n sì ń pò ó mọ́ amọ̀ láti fi rẹ́ ògiri ilé. Àwọn onímọ̀ gbà pé ẹmí ló ń sọ. Ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, Mungo Park, ọmọ Scotland tó ń wá odò Ọya kiri, rí òrí ní tirẹ̀. Ó kọ̀wé pé ó lè wà fún ọdún kan láìfi iyọ̀ sí i, àti pé lẹ́nu tòun, ó dùn ju bọ́tà wàrà màlúù tó dára jù lọ tí òun ti tọ́ wò rí lọ. Àwọn onímọ̀ ewéko fi orúkọ rẹ̀ sọ igi náà, *Butyrospermum parkii*, kí wọ́n tó yí i padà sí *Vitellaria paradoxa* tí wọ́n ń lò lónìí. Igi igbá tí a fi kóró rẹ̀ ń ṣe irú náà, *Parkia*, orúkọ ọkùnrin yìí kan náà ló ń jẹ́. Àwọn ìyá tó bá nídìí ààrò òrí, tí wọ́n bu òrí fún un jẹ, a kò gbọ́ pé wọ́n fi orúkọ ìkankan nínú wọn sọ igi.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló gba àwọn arìnrìn-àjò méjèèjì lẹ́nu. Ní Burkina Faso, ní Màlì, ní apá àríwá Gánà, títí di òní, òrí ni ọ̀rá ìsebẹ̀ ní ọ̀pọ̀ abúlé. Àwọn Nupe tó múlé gbè wá ń fi sè. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé Ìbàdàn tàbí Èkó tí ẹ ní ẹ ń wá òrí, ọ̀dọ̀ eléwé-ọmọ ni wọ́n máa júwe fún yín. Wọ́n á gé e fún yín nínú igbá, wọ́n á sì bi yín bóyá imú ọmọ ló dí ni, tàbí eegun àgbà ló ń ro ó. Kò sí ẹni tó máa bi yín bóyá ẹ fẹ́ fi din ẹyin.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ọ̀pẹ ló ni igbó, ẹmí ló ni ọ̀dàn. Ará Oǹdó àti Ìjẹ̀bú ní epo pupa lẹ́yìnkùlé, kí ló máa wá òrí dé Ṣakí fún? Láti Ìsẹ́yìn sókè lọ la ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í rí ẹmí gidi: Ṣakí, Ìgbòho, Kìṣí, Ìgbẹ́tì, títí wọ Kàíámà àti Bàrùtẹ́n ní ìpínlẹ̀ Kwara, títí kọjá ẹnubodè sí ilẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́ àti Parakou ní Olómìnira Bẹ̀nẹ̀. Èyí tó dé gúúsù, ẹrù ọjà ni, ó sì wọ́n. Ohun tó bá wọ́n, ara ọmọ tuntun la máa ń fi í pa, a kì í dà á sínú agbada.

Ó rìn jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ náà. Ní Bahia, lọ́dọ̀ àwọn olórìṣà Candomblé, limo da costa ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì mọ̀ pé ìhà ibí ni wọ́n ti ń kó o bọ̀. Ní Kúbà, níbi tí ẹmí kò ti hù, ọ̀rá kòkó ni àwọn ọmọ Lùkùmí fi rọ́pò rẹ̀ nídìí Ọbàtálá. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé àwọn òyìnbó Yúróòpù ṣe é ní ìdàkejì. Òfin ṣokoléètì tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní ọdún 2000 gbà kí wọ́n fi ọ̀rá igi mìíràn kún ọ̀rá kòkó, kó má ṣáà ti kọjá ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀rá mẹ́fà péré ni òfin náà dárúkọ. Òrí wà nínú wọn, epo ọ̀pẹ wà níbẹ̀, mẹ́ta jẹ́ ti igi ilẹ̀ Éṣíà. Ẹ̀kẹfà ni ọ̀rá inú kóró máńgòrò, kóró kan náà tí gbogbo wa ń jù sí ààtàn láti oṣù kẹta títí wọ oṣù kẹfà. Nítorí náà, èyí tó pọ̀ jù nínú kóró ẹmí tó ń bá ọkọ̀ òkun lọ, inú ìpápánu ló ń bọ́ sí, ìpara ojú ò gbà tó bẹ́ẹ̀. Àwa ń fi para, àwọn ń jẹ ẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá wo kóró náà fúnra rẹ̀. Ìdílé kan náà ni ẹmí àti àgbálùmọ̀, àti igi argan ti Mòrókò tí epo rẹ̀ ń pa owó káàkiri ayé báyìí. Ẹni tó bá mú kóró ẹmí sọ́wọ́ á dá ìbátan yẹn mọ̀ kíá: àwọ̀ ilẹ̀ tó ń dán bọ̀rọ́, pẹ̀lú àpá tó ṣá ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹran ara èso náà dùn, ó sì rọ̀; ọmọdé àti àdán jọ ń jẹ ẹ́. Kóró ni ìyá wọn ń wá. Bí kóró bá ti kúrò nínú èèpo tó sì gbẹ, bí ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ ni ọ̀rá.

Oṣù karùn-ún sí oṣù kẹjọ ni èso ń já. Ìdájí ni àwọn ìyá ń jáde lọ ṣa á, kí ẹran-ọ̀sìn tó débẹ̀ àti kí oòrùn tó le. Ejò ń bẹ nínú koríko náà. Ìgbà tí èso ń já yìí kan náà ni ìgbà oko ríro àti ìgbà òjò, èyí ló sì bí àdánù àkọ́kọ́ tí mo sọ. Èso tí wọn kò tètè kó kúrò nílẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í hù. Kóró tó bá ti ń hù ń jẹ ọ̀rá ara rẹ̀. Oúnjẹ ọmọ igi ni ọ̀rá náà láti ilẹ̀ wá. Èyí tí wọ́n kó délé tí wọ́n kó jọ sí kọ̀rọ̀ á gbóná, á bu, á sì ní ẹ́nsáìmù nínú tó máa ń gé ọ̀rá sí wẹ́wẹ́. Ọ̀rá tó gé yẹn ló ń fún òrí ní òórùn líle àti ìtalọ́fun tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń sá fún un. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí òrí ṣe ń rùn nìyẹn. Òórùn kóró tó pẹ́ nílẹ̀ ni wọ́n ń gbọ́.

Àwọn àgbà ti mọ oògùn rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé awò asọhun-kékeré-di-ńlá wá: ẹ se kóró náà. Bí wọ́n bá bó ẹran ara rẹ̀ kúrò, wọ́n á da kóró sínú omi híhó. Omi gbígbóná yẹn ló ń pa ẹ́nsáìmù, òun náà ló ń dá híhù dúró. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á sá a sí oòrùn, wọ́n á fọ́ èèpo rẹ̀, wọ́n á tún tú inú rẹ̀ sá títí yóò fi máa dún ṣàkàṣàkà bí wọ́n bá gbọn apẹ̀rẹ̀. Níbi tí òjò kì í jẹ́ kí oòrùn ràn, àwọn kan ń gbé e sórí ààrò kó gbẹ. Àṣìṣe ńlá ni. Ọ̀rá máa ń fa èéfín mọ́ra, àwọn nǹkan olóró tó wà nínú èéfín á wọ̀ ọ́ lára, kò sì sí bí ẹ ṣe máa pò ó tó tí wọ́n á tán pátápátá. Ilé-iṣẹ́ oúnjẹ tó bá yẹ̀ ẹ́ wò á dá a padà.

Láti ìgbà tí kóró bá gbẹ, iṣẹ́ apá ló kù, ó sì ń pa ènìyàn. Wọ́n á gún un, wọ́n á yan án, wọ́n á lọ̀ ọ́ títí á fi dà bí ẹ̀kọ dúdú. Wọ́n á wá máa fi ọwọ́ pò ó nínú omi, wọ́n á bu omi gbígbóná, wọ́n á bu tútù, títí ọ̀rá funfun á fi kúrò lára ìdọ̀tí táá sì léfòó. Wọ́n á gbọ̀n ọ́n, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sè é kí omi inú rẹ̀ gbẹ, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á jẹ́ kó dì. Nínú kóró kílò mẹ́ta tàbí mẹ́rin, òrí kílò kan ni ọwọ́ lásán sábà máa ń rí. Apá kan ọ̀rá náà bá ìdọ̀tí lọ. Igi ìdáná tó ń wọ inú iṣẹ́ yìí pọ̀, omi pọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí wọ́n máa ń ráyè ṣe é gan-an ni kànga ń gbẹ. Ẹ̀rọ ìlọta kékeré àti ẹ̀rọ ìfúnpọ̀ tó ṣeé fi ọwọ́ yí lè mú ìdajì làálàá yẹn kúrò. Mo ti rí ibi tí wọ́n gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fún ẹgbẹ́ obìnrin pẹ̀lú ìlù àti fọ́tò, tí kò sì sí ẹni tó lè tún un ṣe nígbà tó bàjẹ́. Ẹ má gbé ẹ̀rọ débi tí kò sí alágbẹ̀dẹ tó mọ inú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sáré kí àwọn igi yòókù. Òro ni àkọ́kọ́, tí àwa ń jẹ àpọ̀n inú kóró rẹ̀. Bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àpọ̀n ni ọ̀rá. Ẹni tó bá se ọbẹ̀ àpọ̀n tó sì gbàgbé ìkòkò sílẹ̀ di àárọ̀ ọjọ́ òtútù á rí bí ojú ọbẹ̀ ṣe dì. Kì í ṣe epo pupa nìkan ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rá inú rẹ̀ le, èyí tí wọ́n ń pè ní lauric sì wà nínú rẹ̀ bó ṣe wà nínú àdí àti epo àgbọn. Ní 1975, J. C. Okafor, onímọ̀ igbó ọmọ Nàìjíríà, ya oríṣi òro méjì sọ́tọ̀, èyí tí èso rẹ̀ dùn àti èyí tí èso rẹ̀ korò. Lónìí igi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n kà wọ́n sí. Ní Gabon, wọ́n ń yan kóró rẹ̀, wọ́n ń gún un, wọ́n ń fi ṣe ìṣù kan tí wọ́n ń pè ní odika, tí wọ́n ń rẹ́ sínú ọbẹ̀. Àwa kì í fún ọ̀rá rẹ̀ sọ́tọ̀ rárá, n kò sì rí ìdí tó fi yẹ ká máa fún un: ọbẹ̀ ti jẹ ẹ́.

Awùsá náà lọ́ràá gan-an, ṣùgbọ́n ọ̀rá rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Epo ṣíṣàn ni, irú èyí tó ń gbẹ lójú pákó bí ọ̀dà, ó sì tètè ń bàjẹ́ bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án. Ẹni tó bá fi din nǹkan ṣe ara rẹ̀. Ẹ máa se awùsá yín, kí ẹ máa pa á jẹ. Orógbó erin, tó ń hù nínú igbó olómi, ń so èso gbàǹgbà tí kóró rẹ̀ kún fún ọ̀rá tó dì gbagidi. Ní 2008 Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fọwọ́ sí i kí wọ́n máa fi ṣe bọ́tà ìfijẹ-búrẹ́dì. Oṣè ní epo díẹ̀, ó sì ní irú ásíìdì kan nínú tí epo kóró òwú náà ní, tí kò yẹ ká jẹ láìjẹ́ pé iná tó dáa ti kàn án.

Nítorí náà, bí èso kan bá ní epo, ìyẹn kò ní kó di oúnjẹ. Lápálàpá ní epo, olóró sì ni. Ó ti gbé ọ̀pọ̀ ọmọdé dé ilé ìwòsàn pẹ̀lú èébì àti ìgbẹ́ gbuuru. Lárà ní epo tó ń ṣínú, oró rẹ̀ tó burú jù sì wà nínú ìdọ̀tí tó kù lẹ́yìn tí wọ́n bá fún un. Epo dóńgóyárò, ẹ fi sílẹ̀ fún kòkòrò. Mo ń sọ èyí nítorí àwọn ọ̀dọ́ tó ń wo fídíò lórí fóònù tí wọ́n sì ń fún gbogbo kóró tí wọ́n bá rí. Ohun tí a fi ń yan òrí láàyò láàárín àwọn epo wọ̀nyí ni pé ó ti ju ẹgbẹ̀ta ọdún lọ tí a ti ní àkọsílẹ̀ pé wọ́n ń jẹ ẹ́. Ní 2017, àjọ Codex tó ń ṣe ìlànà oúnjẹ fún gbogbo ayé gbé ìlànà kalẹ̀ fún òrí ilẹ̀ Áfíríkà tí ẹ̀rọ kò tíì fọ̀. Ìlànà náà pín in sí ìpele nípa iye omi àti iye ọ̀rá gígé tó wà nínú rẹ̀. Ẹ padà wo ohun tí mo sọ nípa kóró sísè. Ibẹ̀ gan-an ni ìpele náà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Mi ò ní sọ fún yín pé òrí ń wo àrùn ọkàn tàbí pé ó ń dín ènìyàn kù. Ọ̀rá ni, ó sì ń mú ènìyàn sanra bí ọ̀rá yòókù. Kò ní ohun pupa tó ń ṣe ojú lóore tó wà nínú epo pupa, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má da epo pupa rẹ̀ nù nítorí mi.

Ó ku àáké.

Mo pe àkọlé ọ̀rọ̀ yìí ní epo igi tí ẹnikẹ́ni kò gbìn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò pé. Bí àgbẹ̀ Òkè-Ògùn bá ń ṣán oko, ó ń dá ẹmí sí. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn, bí bàbá rẹ̀ ṣe ṣe nìyẹn, àwọn igi ńlá tí ẹ ń rí láàárín oko àgbàdo àti iṣu níbẹ̀, ìran àgbẹ̀ mélòó kan ló dá wọn sí. Inú ilẹ̀ tó bá sinmi ni àwọn kékeré ti ń rí ààyè dàgbà. Nísinsìnyí ilẹ̀ kì í sinmi mọ́. Katakata kò mọ ẹmí yàtọ̀ sí koríko. Èyí tó burú jù ni èédú: igi ẹmí le, èédú rẹ̀ ń pẹ́ lórí iná, àwọn tó ń kó àpò èédú lọ sí Ìbàdàn àti Èkó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Igi tó gbà tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún kó tó so, tó sì lè so fún ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, ọ̀sán kan ló ń gbà láti wó o. A lè gé ẹ̀ka igi àgbà tó ń so dáadáa, kí a so ó mọ́ ìdí igi ọmọdé, kó lè so láìpẹ́ ọjọ́. Àwọn onímọ̀ mọ ọ̀nà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ṣe é lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀?

Ìbéèrè yìí ni ìjọba kò tíì fi ojú kàn; kóró ni wọ́n ń wò. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ fi òfin de kíkó kóró ẹmí tí a kò tíì sọ di òrí jáde nílẹ̀ Nàìjíríà fún oṣù mẹ́fà. Igbákejì Ààrẹ, Kashim Shettima, sọ pé bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ẹmí ayé ló ń ti ọ̀dọ̀ wa wá, ṣùgbọ́n pé ìdá kan péré la ń rí nínú ọjà tí iye rẹ̀ tó bílíọ̀nù 6.5 dọ́là. Burkina Faso ti ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ ní 2024. Mo fara mọ́ èrò náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Bí a bá ti ilẹ̀kùn mọ́ kóró nígbà tí ilé-iṣẹ́ tó lè gbà á kò tíì tó, owó rẹ̀ á já lulẹ̀, ìyá tó fi ìdájí ṣa á ló sì máa kọ́kọ́ jẹ gbèsè. Bí owó kóró bá já, ta ló máa bá ọkọ rẹ̀ jà pé kó má ta igi náà fún eléèédú?

Ẹ wo Maranhão ní Bràsíl. Igi ọ̀pẹ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní babaçu, tí ẹnikẹ́ni kò gbìn, tí àwọn obìnrin ń pa kóró rẹ̀ láti rí epo tí wọ́n ń fi sè. Nígbà tí àwọn olówó ra ilẹ̀ tí wọ́n fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí i ká fún màlúù, wọ́n ń gé ọ̀pẹ, wọ́n sì ń lé àwọn obìnrin. Àwọn obìnrin náà kó ara wọn jọ, ìgbìmọ̀ wọn sì fìdí múlẹ̀ ní 1991. Ní 1997, ìjọba ìbílẹ̀ kékeré kan, Lago do Junco, ṣe òfin Babaçu Òmìnira: ẹni tó ni ilẹ̀ ló ni ilẹ̀, ṣùgbọ́n obìnrin tó ń ṣa kóró ní ẹ̀tọ́ láti wọlé ṣa á, a kò sì gbọdọ̀ gé ọ̀pẹ náà bó ṣe wù wá. Àwọn ìlú mìíràn tẹ̀lé e. Ìjọba ìbílẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọn kò dúró de olú-ìlú.

Níbí, Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ sí ọwọ́ gómìnà, kò sì sọ nǹkan kan nípa ẹni tó ń ṣa èso lábẹ́ igi. Ọ̀pọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ló wà láti Ìsẹ́yìn dé Bàrùtẹ́n, wọ́n sì ní ìgbìmọ̀ tó lè jókòó. Ẹ̀yin orí-adé tó wà níbí, àṣẹ yín ṣì ń múlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ oko. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju gbólóhùn méjì lọ: kí ẹnikẹ́ni má gé ẹmí tó ń so láìgba àṣẹ, kí ẹnikẹ́ni má sì lé obìnrin tó ń ṣa á ní ìdájí. Ẹni tó bá ní ìdánilójú pé òun máa ṣa á lọ́dún tó ń bọ̀ ló máa tọ́jú igi náà, òun náà ló máa tètè se kóró rẹ̀, nítorí èrè òrí tó dára á tó o lọ́wọ́.

Àkókò mi ti ń lọ. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ dán an wò nílé, ẹ ra òrí tó funfun tàbí tó pọ́n díẹ̀ bí ìpara, tí kò rùn. Ẹ gbé e sórí iná jẹ́ẹ́jẹ́ pẹ̀lú ègé àlùbọ́sà, kí ẹ dúró títí kò fi ní hó mọ́. Omi inú rẹ̀ ló ń hó, òun ló sì máa ń ta síni lára. Bí àlùbọ́sà bá ti pọ́n, ẹ yọ ọ́, kí ẹ dá àkàrà sí i. Àwọn ìyálọ́jà ti gbé àwo méjì sí ẹnu ọ̀nà. Wọ́n fi òróró din èyí tó wà lọ́wọ́ òsì, wọ́n fi òrí din ti ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ jẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó padà wá bi mí ní ìbéèrè.